Ìwé Ẹgbẹ́ Pé, Ìwé Ìdílé Ńkọ́?



Iṣẹ́ tiwa ni láti máa yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò. Bí akápò bá gba owó tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, a ó bèèrè. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣọ́ owó báyìí, mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ẹni tó bí bàbá bàbá rẹ̀? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Bí ẹni tí yóò pa àrọ́bá náà bá ti lọ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa. Òfin fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ ẹgbẹ́ yan ẹni tí yóò gba ìpín rẹ̀ bí kò bá sí mọ́. Bí kò bá yan ẹnikẹ́ni, ìgbìmọ̀ ni yóò máa wá ẹni tí ogún tọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ kan ń bẹ l'Ékòó, òmíràn ń bẹ l'ókè òkun, ìyá òmíràn ti kó jáde nílé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ rántí ẹjọ́ ogún Dáwódù. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà, bóyá kí a pín in ní ìdí-igi tàbí ní orí-ojorí, títí ó fi dé iwájú Privy Council ní London ní 1962. Èyí tó wù kí a lò nínú méjèèjì, a kò lè pín ogún bí a kò bá mọ iye ọmọ àti ìyá tó bí wọn.

Nítorí náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan. Kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: orúkọ, oríkì, bàbá, ìyá, ìlú tí a bí i sí. Ẹ má ṣe fi orúkọ àwọn obìnrin sílẹ̀. Bí àgbà kò bá mọ ọdún tí a bí i, ẹ bi í bóyá ó ti ń rìn nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tàbí bóyá ó ti lọ́kọ nígbà tí a fi náírà pààrọ̀ pọ́n-ùn ní 1973. Orúkọ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ìdówú ní ìbejì ló ṣáájú òun. Babátúndé ní bàbá àgbà ti lọ kí òun tó dé. Ẹ fi fóònù gba ohùn àwọn ìyá wa tó mọ oríkì ilé.

Bí ọ̀rọ̀ àgbà méjì kò bá ṣọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí a ti ń ṣe ìwé owó náà nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìwé náà lé ọmọ ilé jáde.

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì sọnù. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, kí ni ìbá tún kọ?

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wo orúkọ ẹni tó yàn nínú ìwé ẹgbẹ́, bóyá onítọ̀hún ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ jókòó ti àgbà ilé rẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.