Ebi, Ọ̀rá àti Ìsanra: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìyá sọ ní ìpàdé oṣù

 

Nínú ọjà wa, bí obìnrin bá ti sanra, kíá la ó ní oúnjẹ ló ń jẹ. Òun náà á gbọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀: kò jẹ láàárọ̀, kò jẹ lọ́sàn-án. Á jò lóṣù méjì, àmọ́ ọdún kì í yí po tó fi máa sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa ní kì í ṣe ọ̀kánjúwà.

Ọ̀rá ara kì í jókòó lásán, ó ń ránṣẹ́. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York tú àṣírí họ́mónù kan tí ọ̀rá ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ sí ọpọlọ. Leptin lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ọpọlọ pé nǹkan wà nínú àká. Ní 1999, Kojima àti Kangawa ní Japan rí ghrelin, èyí tí ikùn òfìfo ń tú jáde. Òun ló ń pariwo pé ebi dé.

Ẹnì kan á ní, ẹni tó sanra ní leptin púpọ̀, kí ló dé tí kò yó? Ẹ gbọ́ ná. Bí ọlọ́dẹ bá ń fọn fèrè láti alẹ́ dé àárọ̀ lójoojúmọ́, ta ló tún ń jí? Ọpọlọ kì í fetí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí leptin bá lọ sílẹ̀, kíá ló máa gbọ́. Á ní ìyàn ti mú. Á dá ebi sílẹ̀, á sì dín agbára tí ara ń ná kù, bí ìgbà tí kẹrosíìnì ń tán tí a yí iná sítóòfù wálẹ̀. Ní 2016, ìwádìí kan jáde lórí àwọn 14 tí wọ́n díje lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà láti mọ ẹni tí yóò jò jù. Lẹ́yìn ọdún 6, ọ̀pọ̀ wọn ti sanra padà, síbẹ̀ ara wọn ń ná nǹkan bí kálórì 500 lójúmọ́ dín sí iye tó yẹ!

Ó kan ilé wa náà. Ìwádìí 2008 kan wo àwọn obìnrin agbègbè Igbó-Ọrà àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú nítòsí Chicago. Wọ́n fún wọn ní omi àkànṣe mu, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wọn wò láti mọ agbára tí ara ń ná. Àwọn ti Amẹ́ríkà sanra jù. À bá búra pé ẹrù ríru ló ń gba tiwa sílẹ̀, àbí? Rárá o. Nígbà tí wọ́n ro ti títóbi ara mọ́ ọn, ọgbọọgba ni. Iṣẹ́ àti ìrìn dára fún ọkàn wa, ká má fi sílẹ̀, àmọ́ kò ní kó mínírà mẹ́ta òòjọ́ kúrò lára.

Oorun ńkọ́, àwa tí a ń jí ní aago mẹ́rin? Ní Chicago, wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin 12 sùn fún wákàtí 4 péré ní alẹ́ méjì. Ìwádìí náà jáde ní 2004: leptin wọn fi ìdá 18 nínú 100 lọ sílẹ̀, ghrelin fi 28 gòkè.

Ẹ jẹ́ ká máa jẹ ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ lásìkò, ká dín nǹkan dídùn kù díẹ̀díẹ̀, ká tètè sùn. Ẹni tó bá ní súgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dọ́kítà. Tíì tó ń fani níkùn tí wọ́n ń tà fún wa yẹn, omi ló ń kó jáde lára, kì í ṣe ọ̀rá.