Owó Ẹgbẹ́, Ogun Ọjà àti Fóònù Ọwọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá, Òkè Padre, Ìbàdàn

A rí i pé àwọn onílù ti ń wo ojú wa, òórùn oúnjẹ sì ti ń ta sánsán láti ẹ̀yìn, nítorí náà a ò ní pẹ́.

Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ lórí ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa. Ìtàn bí a ṣe dá a sílẹ̀ ti wà nínú ìwé àjọ̀dún, ẹ ó kà á nílé. Ohun tí a fẹ́ sọ ni èyí tí gbogbo wa máa ń sọ lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí akọ̀wé bá ti pa ìwé dé tí ẹran ti dé orí tábìlì: ìjọba tó sú wa, owó tí kò níyì mọ́, àti àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí wọ́n di fóònù wa mú.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ní 2015 tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦197 ní báńkì. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni owó oṣù wa nígbà náà. Ẹni tó bá san án ti san dọ́là márùn-ún. Nígbà tó fi máa di ìparí 2025, dọ́là kan ti kọjá ₦1,400, ẹgbẹ̀rún kan náà kò sì tó dọ́là kan mọ́. A mọ̀ pé a kì í ná dọ́là ní Ọjà'ba. Ṣùgbọ́n páànù, wáyà iná, irin, gbogbo ohun tí a ó fi kọ́ gbọ̀ngàn tí a ti ń dáwó fún láti ọdún kìn-ín-ní, dọ́là ló ń gbé iye wọn sókè. Owó tí akápò ń kà fún wa lọ́dọọdún ń pọ̀ sí i, gbọ̀ngàn náà sì ń jìnnà sí i. Akápò kò jí kọ́bọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òfófó ti dé etí wa. Ìwé báńkì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa lè wò ó.

Ibo wá ni owó náà lọ? Ní oṣù kẹfà 2016, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ó wá ipò ara rẹ̀, ó sì já láti ₦197 kọjá ₦280 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí ààrẹ tuntun gba àṣẹ, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦190 di nǹkan bíi ₦500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Oṣù kẹfà 2023 náà ni wọ́n tún tú náírà sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, a ò sì ní jà wọ́n níyàn. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí dọ́là bá ní iye méjì: ẹni tó mọ ènìyàn á rà á ní pọ́ọ́kú, á lọ tà á ní ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣí òrùlé, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ jí àwọn tó sùn sábẹ́ rẹ̀?

Èyí tó dùn wá jù ni ti owó tuntun. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ aráàlú, tuntun ò sì tó pín. Nígbà tó di oṣù kejì 2023, àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oníPOS. Àwọn kan fẹ̀hónú hàn ní ìgboro Ìbàdàn níbí. Inú oṣù yẹn ni a ní ìsìnkú méjì nínú ẹgbẹ́. Àwọn ará ilé wa ń kan ilẹ̀kùn lóru pé, “Ẹ̀yin oníbáńkì, ẹ dákun, ẹ bá wa wá nǹkan.” Bẹ́ẹ̀ àwa náà wà lórí ìlà lọ́dọ̀ oníPOS! Wọ́n bú wa títí ní ìdí kàńtà. Ìyá àgbà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa, ó ní òun ò ní dìde àfi tí òun bá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún òun, kò sì sí i nínú àpótí. Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ tó ga jùlọ fi máa dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́ títí di òpin ọdún, ìdìbò ààrẹ ti kọjá, tòmátì sì ti jẹrà mọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́. A ò rántí ẹni tó bẹ aráàlú.

Ìdìbò yẹn kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká. Ẹ rántí pé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta jáde kúrò lórí WhatsApp wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí olóṣèlú tí kò mọ̀ wọ́n rí. Méjì ti padà wá. Ẹnì kẹta wà níbí lónìí pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, a kí wọn káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ogun ọjà tí gbogbo ayé pariwo rẹ̀ ní 2025. Ìbàdàn mọ ogun ọjà tipẹ́. Ìlú wa kò ní etí òkun. Iyọ̀, ìbọn, ẹ̀tù, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbà kọjá, àwọn onílẹ̀ sì ń gba owó ibodè. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, inú bí Ẹ̀gbá pé a fẹ́ gba ẹ̀yìn àwọn, ọ̀rọ̀ sì di ogun ní 1877. Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà. Títì tí wọ́n ti ọ̀nà yìí wà lára ohun tí Òyìnbó dì mú tí wọ́n fi kọlu Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Ní ọdún kejì rẹ̀, àwọn ìjòyè wa fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú wọn. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí i kò lọ títí di 1960. Àdúgbò tó gba orúkọ lára àwọn fadá Kátólíìkì kò lè ní òun ò mọ àlejò òkè òkun.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 2025, Ààrẹ Trump ti Amẹ́ríkà gbé àtẹ rẹ̀ jáde: owó ibodè dọ́là 14 lórí gbogbo ọjà dọ́là 100 tó bá ti Nàìjíríà wá. Ó di dọ́là 15 ní oṣù kẹjọ. Wọ́n pariwo lórí WhatsApp wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tà fún wọn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú owó náà. Ọ̀nà míràn ni ọfà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Amẹ́ríkà bu dọ́là 145 lé ọjà Ṣáínà lórí dọ́là 100, Ṣáínà náà bu 125 lé tiwọn. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń ra epo, iye àgbá epo kan sì já sí nǹkan bíi $60, bẹ́ẹ̀ $75 ni ìjọba wa fi ṣe ètò ìnáwó 2025. Ìjà ẹni méjì ní òkè òkun, dọ́là tó ń wọlé sí wa ló dínkù.

Kòkó náà ńkọ́? Ó kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní oṣù kẹta 2024, ó kọjá $12,000 ní oṣù Kérésìmesì, lẹ́yìn náà ó já débi pé kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Kò sí àgbẹ̀ kan tó dá iye kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà kó wá sí Mapó ní 1968, ohun tí wọ́n ń sọ kò jìnnà sí èyí: owó orí ń ga, kòkó ò mówó wọlé.

Ó ku ti fóònù. Ní oṣù kẹfà 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari rẹ́, ìjọba sì ti Twitter pa fún oṣù méje. Àwọn ọmọ wa tó ń tajà níbẹ̀ kò sí nínú ìjà náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú pátápátá fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni a fẹ́ kéde òkú. Ọ̀kadà la gùn láti Òkè Padre dé Bẹẹrẹ dé Beyerúńkà, à ń kan ilẹ̀kùn bíi ti àwọn bàbá wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì já lábẹ́ òkun lọ́nà Abidjan, ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà ò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní oṣù keje 2024, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní kí Meta san $220 mílíọ̀nù nítorí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ àṣírí àwa ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn lè ti Facebook àti Instagram pa fún wa. Inú wa dùn pé ẹnì kan lè bi wọ́n léèrè. Àyà wa tún já, nítorí inú Instagram ni ṣọ́ọ̀bù àwọn ìyàwó wa wà.

Ìdí tí a fi sọ gbogbo èyí ni àbá méjì tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé síwájú yín. Àkọ́kọ́, kí a mú ìdajì owó gbọ̀ngàn kúrò ní báńkì, kí a fi ra àga àti ìbòòji tí a ó máa yá àwọn olóde. Àwa oníbáńkì la ń sọ ọ́ o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Owó tó bá jókòó ń tẹ́ẹ́rẹ́, àga kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í ṣe òde ní àdúgbò yìí. A mọ̀ pé àwọn àgbà kan ò fara mọ́ ọn, pé àga ń fọ́, pé ta ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, a ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ tán.

Èkejì, kí orúkọ, adirẹ́sì àti nọ́ńbà gbogbo wa wà nínú ìwé gidi tí a fi bírò kọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a ó kàn sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá ti kọ tiwọn. Ìpàdé àkọ́kọ́ oṣù kìn-ín-ní ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ àga. Ẹ bá wa mú ẹnu yín wá.