Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Sáré

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Kùtọnú,

Nílé wa, bí ọmọ bá sanra, a máa ń ní ó ń jẹ̀gbádùn. A ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: zémidjan ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Tó bá délé, fóònù àti ẹlẹ́rìndòdò ló kàn. Ìgbà wo ló fẹ́ sáré?

Ní ìlú Granada, ní Spéìn, àwọn olùwádìí kó ọmọ 109 tó sanra jù jọ, ọmọ ọdún 8 sí 11. Apá kan ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 20. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022: agbára ìrònú àwọn tó ṣeré ga ju ti àwọn tí kò ṣe lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi wákàtí kan ṣeré tó ń mú ara gbóná lójúmọ́.

Níbo ni wọn ó ti ṣe é? Ilẹ̀ òfìfo àdúgbò ti ń di ilé tán. Ẹ̀bẹ̀ wa rèé: ẹ̀yin ìjòyè, ẹ bá wa bá mérì sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi pápá kan sílẹ̀ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, bí ilé ìwé ò bá jìnnà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ rìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọ tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá, torí òun gan-an la ń wá pápá fún.