Ọ̀wẹ̀ Ni Iṣẹ́ Ẹgbẹ́: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn alábòójútó ilé-ìkàwé àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa sọ

A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni a gbé wá síwájú yín: iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi tinútinú ṣe nínú ẹgbẹ́ láìgba kọ́bọ̀, àti ohun tí ń bàjẹ́ nígbà tí a kò bá rí ẹni tí yóò ṣe é.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, a ṣiṣẹ́ ní oko yín lónìí, ẹ̀yin náà yóò ṣe ní oko wa lọ́la. Gbèsè ni, a sì ń san án. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan wá bẹ̀ wá, a dá ọjọ́, a gbé ọkọ́ lé èjìká; oúnjẹ àti ọpẹ́ ni owó ọ̀yà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rò pé àáró ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìwé: pé bí wọ́n bá ti san owó ẹgbẹ́, ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan gbà padà. Àwa wí pé ọ̀wẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1953, àjọ UNESCO pe àpérò kan sí Ìbàdàn lórí bí ilé-ìkàwé fún gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Àpérò parí, àwọn àlejò di ẹrù wọn, wọ́n padà sí ilé. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní àpérò kì í mú ara rẹ̀ ṣẹ. Ní ọdún 1954, àwọn tí ọ̀ràn náà kàn gbọ̀ngbọ̀n dá ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó ilé-ìkàwé ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1962, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń ṣètò ti ara rẹ̀, a sì dá ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà sílẹ̀ tí ó wà títí di òní.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí? John Harris ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé-ìkàwé Yunifásítì ní Ìbàdàn. Kalu Okorie ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé-ìkàwé Ìlà-Oòrùn ní Enugu. Owó oṣù wọn ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ ń kọ lẹ́tà rẹ̀, tí ó ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ ka èso rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ wa ní láti yege kí a tó kà á sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1960, ilé-ẹ̀kọ́ fún un ṣí ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1964, òfin fi ìdí Ilé-Ìkàwé ti Orílẹ̀-èdè múlẹ̀. Ní ọdún 1995, òfin mìíràn dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn alábòójútó ilé-ìkàwé sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kàn dìde kí ó sọ pé òun mọ iṣẹ́ náà.

Àgbẹ̀ lè bi wá pé, kí ni èyí kan òun? Ẹ rántí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ kún ilé-ìwé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà tí kò rí ìwé kà dà bí ẹni tí ó ní àdá tí kò ní oko.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. A dé ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Àwọn ará ìlú ti dá owó jọ, wọ́n kọ́ ilé-ìkàwé, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Akọ̀wé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àgbẹ̀ kan dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ìwé nípa àrùn tí ń sọ kókó di dúdú lórí igi. Ìwé náà wà nínú ilé. Nígbà tí a rí kọ́kọ́rọ́, a bá a ní abẹ́ òkìtì ìwé mìíràn, ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ni ó gba ọ̀ràn náà rò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n fi lọ síbẹ̀, láti àpò ara wọn ni wọ́n sì ti san owó ọkọ̀. Wọ́n gbọn eruku, wọ́n to ìwé, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ètò Dewey, 630 ni nọ́ńbà iṣẹ́ àgbẹ̀, 633.74 sì ni ti kókó. Wọ́n kọ́ olùkọ́ kan ní ìlú náà bí a ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí, ọmọ ilé-ìwé lè lọ tààrà síbi tí ìwé kókó wà. Ṣùgbọ́n ojú ewé tí ikán jẹ kò padà wá mọ́.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà. Òfin ọdún 1970 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá gbé ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí Ilé-Ìkàwé ti Orílẹ̀-èdè. Bí olùtẹ̀wé kan ní ìlú kékeré bá tẹ ìtàn ìlú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí kò sì gbọ́ nípa òfin yìí, ta ni yóò sọ fún un? Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà nítòsí ni. Bí kò bá sọ, ìtàn náà lè bá ẹni tí ó kọ ọ́ wọ ilẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń wí pé owó oṣù àwọn kò tó, a sì tún ń fẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ àwọn. A kò lè jiyàn pé òótọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹgbẹ́ ni ohùn wọn, ẹgbẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ sì jẹ́ odi. Bákan náà, a kìlọ̀ fún àwọn aláṣẹ: ọ̀wẹ̀ kì í ṣe àwáwí láti má gba òṣìṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ọjọ́ mẹ́rin to ìwé. Kò lè jókòó ti ilé-ìkàwé ìlú láti ọdún dé ọdún láìjẹun. Ìjọba tí ó kọ́ ilé-ìkàwé láìsan owó ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, ikán ni ó kọ́ ilé fún.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín. Ẹ̀yin alábòójútó ilé-ìkàwé, ẹ mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù fún ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó gba iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá mọ òfin, kí ó lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má gba oyè nínú ẹgbẹ́ bí ẹ kò bá ní gbé ọkọ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí wọ́n bá wá sí ìlú yín, ẹ fún wọn ní oúnjẹ bí ẹ ti ń ṣe fún ọlọ́wẹ̀, ẹ sì yan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ bọ́ sí oko, ọ̀wẹ̀ ti yá.