Òrìṣà Ìdílé Kan Nínú Aṣálẹ̀: Karni Mata ti Deshnoke

 

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òrìṣà ìdílé. Ẹ mọ ti ilé yín jù mí lọ, nítorí náà Íńdíà ni mo fẹ́ mú yín lọ, sí aṣálẹ̀ Thar ní ìpínlẹ̀ Rajasthan. Níbẹ̀, ìdílé púpọ̀ ló ní ìyá òrìṣà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kuldevi. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, wọ́n á mú un lọ kí ìyá náà.

Ti àwọn Charan ni mo fẹ́ sọ. Akéwì àti arókin ni wọ́n láyé àtijọ́: àwọn ló ń ki ọba, àwọn ló ń ka ìran rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn níyì tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣòwò fi ń mú Charan dání la aṣálẹ̀ kọjá, nítorí ẹ̀rù ń ba olè láti ta ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìtàn wọn sọ pé inú ìdílé yìí ni wọ́n bí Karni sí ní 1387. Kò joyè, kò ní ọmọ ogun. Síbẹ̀, wọ́n ní òun ló fi ìpìlẹ̀ odi ọba Jodhpur lélẹ̀ ní 1459, òun ló sì súre fún Bika, tó tẹ ìlú Bikaner dó ní 1488.

Tẹ́ńpìlì rẹ̀ wà ní Deshnoke, nǹkan bí 30 kìlómítà sí Bikaner. Ọba Ganga Singh ló fi òkúta mábù funfun ṣe iwájú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, tó sì fi ilẹ̀kùn fàdákà sí i. Ṣùgbọ́n èkúté ló ni inú ilé náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ń rìn fàlàlà, tí wọ́n ń mu wàrà nínú àwo ńlá. Wọ́n ta àwọ̀n sókè àgbàlá kí àṣá má bàa gbé wọn. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan pa yóò fi èkúté fàdákà san án.

Kí ló fà á? Wọ́n ní Laxman, ọmọ tí Karni tọ́, kú sómi ní Kolayat. Karni lọ bá Yama, olúwa ikú, ó sì gba ọmọ náà padà. Ó wá sọ pé láti ọjọ́ náà, òkú ìdílé òun kò ní lọ sọ́dọ̀ Yama mọ́: wọn yóò di èkúté nínú ilé òun, títí wọn yóò fi tún padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ Charan. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa.

Ó ku ohun kan. Yí Deshnoke ká ni ilẹ̀ Karni wà, tó kún fún igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń so èso wẹ́wẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi ibẹ̀. Nínú aṣálẹ̀, níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n, èèwọ̀ yìí ló fi òjìji àti oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn.

Ẹ̀yin ará mi, ìjọba Bikaner ti wọ inú Rajasthan láti 1949. Ọba ibẹ̀ kò pàṣẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé arókin ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn ìyá wọn lójoojúmọ́, nítorí pé ọmọ ilé ló ń ṣe àwòrò, tí èyí bá kúrò, òmíràn á bọ́ síbẹ̀. Agbára ọba kọ́ ló dá a dúró. Àwọn tó mọ̀ pé ó kàn wọ́n ló dá a dúró.

Kí á tó tú ká lónìí, kí olúkúlùkù bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè: ta ló mọ oríkì ilé wa délẹ̀? Ta ló ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí kò bá sí ẹnìkan, a jẹ́ pé ìwọ ló kàn.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àṣẹ.